Ilẹ̀kùn Fọlákẹ́ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Gbé Jáde

Ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Èkó lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà.

Ní àwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn, olè ń jà. Gbogbo àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ń yọ ilẹ̀kùn pákó, wọ́n ń fi onírin sí i. Èmi náà yọ tèmi. Ọjọ́ náà gan-an ni Débọ̀ wọlé, ọmọ tí mo kọ́ ní pámárì, tó ti di oníṣẹ́ ọnà ní Èkó. Ó ní àárò ilé àtijọ́ ń sọ òun, pé kí n fún òun ní ilẹ̀kùn náà, òun á gbé e síbi tí gbogbo ayé á ti máa wò ó.

Mo fi àmì ọ̀bẹ tó wà lára ilẹ̀kùn náà hàn án. Gbogbo Kérésìmesì ni mo máa ń dá Fọlákẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, dúró tì í, tí màá fi ọ̀bẹ sàmì síbi tí orí rẹ̀ dé. Àmì méje ni. Ibà ni kò jẹ́ kó di mẹ́jọ.

Débọ̀ ní òun gbọ́. Bí n kò bá sì fún un, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ǹ bá gbé e tì, kí ikán jẹ ẹ́. Mo bá a gbé e sínú ọkọ̀!

Lọ́dún kejì, ó pè mí síbi ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó. Ilẹ̀kùn lórí ilẹ̀kùn, wọ́n tò wọ́n kan àjà, iná ń tàn láàárín wọn. Ẹ̀rù bà mí bí ìgbà tí ọmọdé kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Àwọn ènìyàn ń nu omijé nítorí ilé tí wọn ò gbé rí.

Ìgbà náà ni mo rí tèmi nísàlẹ̀. Wọ́n ti dorí rẹ̀ kodò. Ọmọ mi tó ń ga lọ́dọọdún wá ń kéré bọ̀ nílẹ̀.

Mo na ọwọ́ sí i, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbá a kúrò. Mo wá rọra sọ fún Débọ̀ pé wọ́n gbé e sódì, kó jọ̀ọ́ yí i padà.

Ó kọjú sí àwọn àlejò rẹ̀. “Ẹ má bínú, tíṣà mi nìyí. Báírò pupa ò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Mo fa Débọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó dá ilẹ̀kùn náà padà fún mi.

“Ó ti bọ́, mà. Olówó kan ti ra gbogbo rẹ̀ lódindi. Bó ṣe dorí kodò yẹn gan-an ló wù ú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì bá mi gbé e.”

Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí mo délé, mo dúró ti ilẹ̀kùn irin, mo gbé ọwọ́ síbi tí àmì keje yẹ kó wà. Mo sún un sókè, mo sún un sílẹ̀. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan, n kò kọ bí ọmọ tèmi ṣe ga tó sílẹ̀ níbì kankan!

Ẹ̀kọ́ tèmi kò gùn: ohun tí ẹ kò bá lè rántí láìwò ó, ẹ má gbé e fún ẹni tí àtijọ́ kàn ń wù. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbé jáde rí? Ẹ kọ ọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì wà nílé, ẹ kọ́kọ́ lọ wọ̀n ọ́n.