Ẹ̀dá Olójú Kan

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé, tí a ń gbé ní Pópó Yemọja, ayálégbé kan wà ní yàrá iwájú ilé wa, ọ̀dọ́mọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà. Bí a bá ti gba ìsinmi nílé ẹ̀kọ́, á tẹ́ bébà àpò sìmẹ́ǹtì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á po ọ̀dà pupa, yẹ́lò àti búlúù sínú agolo mílíìkì, á sì pe gbogbo àwa ọmọdé. Ẹ má rò pé ewúrẹ́ tàbí adìẹ la ń yà. Ó ní ẹ̀dá tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí ni ká yà, bí àwọn ayàwòrán òde òní ti ń ṣe.

Ti àbúrò mi obìnrin ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ikùn bí ìkòkò, eyín bí òòyà.

"Kí wá nìyí?" ni mo bi í.

"Ọkọ yín ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Àáfà ni bàbá wa àgbà, inú wọn kò dùn sí i. Wọ́n ní ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, Ọlọ́run á ní kó fi ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀, kò sì ní lè ṣe é. Ayálégbé tó jẹ́ olùkọ́ àwòrán wa yìí kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n wá gbà pé ká máa yà á, àmọ́ a ò gbọdọ̀ fi ojú sí i, torí ohun tí kò lójú kì í ṣe ẹlẹ́mìí.

Àánú ẹ̀dá yẹn ló ṣe àbúrò mi. Ó ní báwo ló ṣe máa ríran rìn? Ó fi ojú funfun ńlá kan sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà kọ lu ọmọ ọwọ́ ìyàwó kékeré bàbá mi. Ọmọ náà kú. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé nawọ́ sí ògiri:

"Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀mí tí wọn ò fún un ló wá fúnra rẹ̀ gbà."

Wọ́n sun gbogbo àwòrán wa, olùkọ́ wa sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bá àbúrò mi wí. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ibà ló pa ọmọ.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Fọ́tò ló kún ògiri agboolé yẹn lónìí, títí kan ti àwọn àáfà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí mo ra ọ̀dà fáwọn ọmọ ilé, mo ní kí àbúrò mi wá kọ́ wọn, torí ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ó wo èyí tó kéré jù láàárín wọn.

"Ẹ jẹ́ n máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi, kí nǹkan má lọ ṣe é."

Mo sọ fún un pé ibà ni. Mo tún un sọ. Ó ní òun ti gbọ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sílé.