Ìkòkò Olóbi Kan Nítòsí Ìgèdè

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀yìn máa ń dùn mí kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti Òkè-Ìlá ní Adó ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ahoro kan nítòsí Ìgèdè, níbi tí òyìnbó kan ti ń wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nínú ilẹ̀. Tíṣà ni mí, mi ò tíì gbéyàwó. Òyìnbó ní kí n kọ́ àgbẹ̀ mẹ́ta ní iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá sì ba nǹkan jẹ́, ọrùn mi ni. Àwọn tó ti ń kọ ebè láti kékeré ni mo wá ní kí wọ́n máa ha ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ha iṣu sísun! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, àpáàdì nìkan la rí. Òyìnbó ránṣẹ́ pé bí òun kò bá bá odindi nǹkan níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun yóò tú wa ká. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn àgbẹ̀ náà kan ìkòkò kékeré kan tó ní ìdérí, lẹ́yìn ògiri tó ti wó. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Tíṣà, ùkòkò olóbi nì yí. Wọ́n bímọ nínú ulé yìí ni. A kì í hú u.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀kọ́ ìwé kò mọ èèwọ̀, èmi tí n kò tíì sin olóbi ọmọ kankan rí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló tó sọ ìyẹn fún tíṣà? Mo ní bí kò bá hú u, n óò kọ̀wé sí òyìnbó pé kò gbẹ́kọ̀ọ́. Ó hú u jẹ́jẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ gan-an. Lọ́jọ́ kejì òyìnbó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó di ìkòkò náà sínú àpótí, ó gbé e lọ.

Bàbá àgbẹ̀ náà kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ìkórè ó wá bá mi nílé. Nígbà tó ròyìn ògiri náà fún ìyá rẹ̀ ni ìyá bú sẹ́kún. Ilé baba ìyá náà ni, òun nìkan ni wọ́n sì bí síbẹ̀ kí ogun tó lé wọn.

“Ìyá mi ní kí n bi yín, Tíṣà. Níbo ni wọ́n gbé e lọ?”

Mi ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí òyìnbó, kò fèsì. Ìyá kú kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀.

Èmi náà ti darúgbó báyìí. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń bínú pé òyìnbó ló kó ohun wa lọ, n kì í dá sí i. Ojú ń tì mí, nítorí òyìnbó kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a hú u.