Ìdí Kóńgò Ìyá Mi

Bí páńẹ́ẹ̀lì bítà iwájú ilé mi bá ti ń lu páànù, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ẹ̀jìgbò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìyá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gaàrí wọn mọ́rí lọ́sàn-án gangan. "Gbàn-ún! Jésù, ṣàánú mi. Gbàn-ún!" la ń gbọ́ níta. Ìyá Kúdí, oníbàárà wa tó ń kó gaàrí ránṣẹ́ sí Àbíjáànì, tẹ́tí sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni màmá ẹ ń lù? Ṣé àdúrà nìyẹn, àbí àwúre?"

Mo yọjú wò láti ara ihò ilẹ̀kùn. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n fi orúnkún há kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gaàrí, wọ́n ń fi ọmọ odó gún inú rẹ̀, ìdí kóńgò tó ti tẹ̀ wọnú sì ń yọ padà síta díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba èmi náà.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n wọn gaàrí, kóńgò náà gbà ju ti àná lọ.

"Èèwọ̀! Ìyá Dúpẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn pe Jésù, gaàrí wá ń pọ̀ sí i? Ẹ má bínú o, ọmọ mi ò ní jẹ ẹ́."

Ìyá Kúdí da gaàrí padà sínú àpò, ó sọdá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Gbólóhùn kan péré ni ìyá mi ì bá fi dá a dúró, wọn ò sọ ọ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ ìyá mi fúnra wọn ló kọ́kọ́ lu ìdí kóńgò náà wọnú.