Kọ̀ǹpútà Alhaja Kọ̀, Kò Jẹ́ Òdo

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pe ọ̀gá mi ní òdo lónìí, mo ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́!

Èmi ni mo ń so kọ̀ǹpútà mẹ́fà pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Alhaja, nítòsí rélùwéè l'Ọ́fà níbí. Alhaja ti sọ ọ́ láàárọ̀: "Ràsákì, tí ò bá ṣiṣẹ́ kí n tó lọ kírun Alaasárì, màá pe ará Ìlọrin wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àdírẹ́ẹ̀sì tiẹ̀. Mo ní ètò kan nínú flọ́pì, díìsìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ yẹn, tó ń bá èèyàn ṣírò ẹ̀. Ojú ẹ̀ dúdú kirikiri, kò sí àwòrán kankan. Mo tẹ mẹ́fà, ó dá mi lóhùn: òdo títí dé méje.

Mo ní àgbà ló ń ṣáájú. Mo fún Alhaja ní òdo, mo fún àwọn yòókù ní ọ̀kan sí márùn-ún.

Márùn-ún ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ti Alhaja yadi!

Alhaja rí òdo lójú ẹ̀: "Èmi lo fún ní òdo?"

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú."

Mo tún ojú ètò yẹn wò. Yéè! Òdo ni orúkọ agbo ilé fúnra ẹ̀, ìyẹn gbogbo kọ̀ǹpútà tá a so pọ̀, ẹnì kankan ò lè jẹ́ ẹ. Méje, ti ìkéde fún gbogbo ilé ni. Ọ̀kan sí mẹ́fà nìkan ni kọ̀ǹpútà lè jẹ́. Mẹ́fà ló sì ṣẹ́kù.

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ti Alhaja. Ó dáhùn! Mo fò sókè!

"Mẹ́fà kẹ̀? Èmi ni mo wá kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Alhaja, àwọn tó ṣáájú ń la ọ̀nà fún yín ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ kírun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ má purọ́: ta lẹ kọ́kọ́ fún ní òdo?