Ẹ̀yìn Aṣọ Kíjìpá

Ní àwọn ọdún tí owó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó wọ́n bí ojú, olùkọ́ wa ní kíláàsì alẹ́ tí a ti ń kọ́ aṣọ híhun kó wa lọ wo ilé ìṣàfihàn sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Oǹdó, kí a lè rí ọnà tí a ó máa hun sára aṣọ. Àwọn yòókù yí ẹ̀rọ ìrànwú ká. Èmi dúró ti kíjìpá kan tó wà nínú gíláàsì. Irú ọnà rẹ̀ ni ìyá mi ń hun kí ó tó kú láìtíì kọ́ mi.

Ẹ̀yìn aṣọ ni a ti ń kọ́ ọnà, torí ibẹ̀ ni ipa òwú ti ń hàn. Mo bẹ ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pé kí ó yí i padà.

Ó rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, iwájú ni gbogbo ayé ń wò. Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?”

“Mo fẹ́ hun ún ni, ọmọ mi.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ gíláàsì náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, mo ti hun ọnà yẹn, mo sì ti tú u léraléra. Iwájú rẹ̀ dára. Bí mo bá yí i padà, n kò mọ̀ bóyá bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.