Ọjọ́ tí Wọ́n Fọ́ Ìkòkò Ìyá Àgbà

Ọjọ́ tí àwọn jàǹdùkú ya wọ ibi tí ìyá mi àgbà ti ń mọ ìkòkò ní Èrúwà kò lè parẹ́ lọ́kàn mi. Láàárọ̀, inú wa dùn, nítorí obìnrin amọ̀kòkò kan wá láti Gánà láti wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà. Kò pẹ́ ni àwọn tó fẹ́ fipá gba ilẹ̀ náà kó kùmọ̀ dé. Wọ́n fọ́ ìkòkò yángáyángá. Ìyá àgbà dúró níwájú èyí tó kù, ni ọ̀kan nínú wọn bá la kùmọ̀ mọ́ apá ìyá àgbà, apá náà sì kán. Àwọn aládùúgbò yọ àdá lé wọn lọ.

“Àjọkẹ́, má sunkún,” ni ìyá àgbà wí bí a ṣe ń gbé wọn lọ sí ọsibítù. “Bu amọ̀. Apá tìrẹ kò kán.”

Àlejò wa jókòó tì mí. Ìkòkò tí mo mọ nírọ̀lẹ́ wọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo di amọ̀kòkò.