Ọjọ́ Tí Mo Lé Ara Mi Kúrò Lórí Yìnyín

Èmi ni mo lé ara mi níṣẹ́, kò sẹ́ni tó lé mi. Wọ́n kàn juwọ́ sí mi ni, mo kó ẹrù mi, ó di ilé ní Sharjah.

Security ni mí lẹ́nu ọ̀nà ilé gogoro kan ní Al Barsha, nílẹ̀ Lárúbáwá. Dókítà eyín kan ń gbé níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kánádà. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Thursday, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa gbá họ́kì lórí yìnyín nínú mall kan. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá rọ́bà dúdú pelebe kan tó le bí òkúta. Kípà wọn ti padà sílùú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dúró sẹ́nu gólì, ni wọ́n bá ń fi owó wá kípà. Mo ti ṣọ́ gólì bọ́ọ̀lù rí kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀, mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún dókítà. Bí mo ṣe di professional nìyẹn: àwọn yòókù ń sanwó kí wọ́n tó gbá a, èmi nìkan ni wọ́n ń sanwó fún.

Ẹ má bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n gbá. Dókítà kọ́ mi títí mo fi lè dúró lórí bàtà onírin. Ìrìn ni ò tíì yé mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí rọ́bà yẹn fò wá, mo yẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa. Wọ́n ní kí n má yẹ̀ ẹ́ mọ́, kí n jẹ́ kó bà mí, pé ohun tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn. Láti ìgbà náà, ńṣe ni mo máa ń dijú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ló nira jù. Àwọn yòókù ń pariwo lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká, wọ́n á lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á mu omi nínú ike kan náà. Èmi dá dúró sẹ́nu gólì nínú otútù, mò ń wo ẹ̀yìn wọn. Síbẹ̀, nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹnì kan máa ń retí mi. Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ayò kan ni wọ́n fi wà níwájú wa, eré sì ti fẹ́ parí. Àfi bí dókítà ṣe dìde lórí bẹ́ǹṣì, tó ń juwọ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde! Ẹ jáde kíá! Yalla!" Ẹlòmíràn ti fò wọlé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ contract mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: wọ́n ti rí ẹni tó sàn jù mí lọ. Khalas, ó ti parí. Mo di ògiri mú, mò ń wọ́ lọ bí alákàn, mo gba ilẹ̀kùn tí mo kọ́kọ́ kàn jáde. Mo to páàdì tí wọ́n yá mi dè mọ́ra jọ dáadáa kí wọ́n má baà ní mo jalè, mo sì pa fóònù mi.

Nínú bedspace wa ní Rolla ní Sharjah, yàrá tí kálukú ti ń sanwó bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ọmọ Ìbàdàn tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè mi bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún un: "Bàbá oníyìnyín, ṣé wọ́n ti cancel visa yín lórí ice?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo wá kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe rí dókítà tó ń bọ̀, mo kó sẹ́yìn ìkòkò òdòdó. Security tó ń sá fún ẹni tó ń ṣọ́!

"Ẹ̀gbọ́n, mò ń rí fìlà yín."

Mo jáde.

"Níbo lẹ sá lọ? A gbá a wọlé, a ti dọ́gba! A wẹ̀yìn, kò sí kípà. Wọ́n wá rọra gbá òmíràn sínú gólì òfìfo."

"Ṣebí ẹ ti sack mi?"

"Sack kẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n nà wá, kípà á bọ́ síta, ká lè fi ẹnì kan kún àwọn tó ń gbá a wọlé; tá a bá ti dọ́gba, á padà sẹ́nu gólì. Mo gbàgbé pé mi ò sọ fún yín."

"Ṣé kí n ṣì máa bọ̀ ní Thursday?" Ohùn mi ò jọ ti àgbàlagbà.

Ó gbá mi léjìká. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sún fún yín lórí bẹ́ǹṣì lánàá. Kí ẹ lè wá jókòó tì mí ni mo ṣe ń pè yín."